Ara Crépin Lórúkọ Tèmi

Ajé, 17 oṣù kẹta 2025. Pobè

Kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta. Dókítà ọkàn tó wà ní Cotonou ló ní kí n máa gun ìwọ̀n láràárọ̀ kí n tó jẹun, kí n sì máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí kílò méjì bá gorí rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, kí n má rò pé mo ń sanra. Mo ra ìwé yìí lọ́jà nítorí ẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ojú ewé fún nọ́ńbà kan ṣoṣo lóòjọ́, ìnákúnàá ni, nítorí náà màá kọ ohun tó bá wù mí kún un.

Ohun tó sọ nìyí. Ilẹ̀kùn kan wà nínú ọkàn mi tó ti gan. Kò ṣí tán, kò sì tì tán. Ẹ̀jẹ̀ ń kọ́ jọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń padà sínú ẹ̀dọ̀fóró, òun ló fà á tí mo fi ń sùn ní ìjókòó bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Mo ní, "Bíi sùpáàpù, ilẹ̀kùn inú ẹ́ńjìnì, tó ti jóná." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣòro fún awakọ̀. Ó ní wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn síbẹ̀. Bí wọn ò bá yọ ọ́, ọdún méjì, bóyá mẹ́ta. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tó débẹ̀.

Ikọ̀ oníṣẹ́ abẹ kan ń bọ̀ láti òkè òkun sí Cotonou lóṣù karùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń wá. Ó ti kọ orúkọ mi sí ọjọ́ kẹtàlá. Ẹni tí yóò sanwó ni kò tíì sí.

Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wa kàmíọ̀n òkúta ní Onigbolo. Lónìí mo dúró lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé.

Ọjọ́bọ̀, 20

61. Oògùn tí wọ́n fún mi ń lé omi. Mo tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kí ọ̀sán tó pọ́n. Jérôme tó gba kàmíọ̀n mi wá kí mi, ó gbé ọsàn wá. Ó ní àga awakọ̀ ti jìn sísàlẹ̀ jù, òun ti ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí mi ló jìn ín. Mo ní ó ṣe dáadáa. Nígbà tó lọ tán, mi ò lè jẹ ọsàn náà.

Àbámẹ́ta, 22

60 àti ààbọ̀. Damien tẹ̀ mí láago láti ilé iṣẹ́. Òun ló ń rí sí ìwé àwa awakọ̀. Ó ní asúráǹsì ti gbà. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á san.

Prudence ìyàwó mi kúnlẹ̀ nínú ìsọ̀ MoMo rẹ̀, níbi tó ti ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́, lójú àwọn oníbàárà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní kó dìde, ilẹ̀ dọ̀tí.

Ìdí tí wọ́n fi gbà ni pé wọ́n ka ìwé àyẹ̀wò ara tí ilé iṣẹ́ ń ṣe fún wa lọ́dọọdún. Ìwé mẹ́fà, ọdún mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ ló sọ pé ọkàn Lambert, èmi nìyẹn, ń lù geere, kò sí ariwo kankan nínú rẹ̀. Àìsàn tuntun ni, wọ́n ní, ẹnu iṣẹ́ ló ti bá a. Damien ní ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni wọ́n rí níbẹ̀, wọ́n sì ní ìyẹn kọ́ ló ń ba irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ jẹ́. Mo ní ẹ ṣé, ọ̀gá.

Àwọn ìwé náà ò purọ́. Ọkàn tó wà nínú wọn ń lù geere lóòótọ́. Ọkàn Crépin àbúrò mi ni.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo wà tí orúnkún mi méjèèjì wú, tí ibà dè mí mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní Sakété gbé etí lé mi láyà, ó sì pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá gbọ́. Láti ìgbà náà la ti mọ̀ pé àyà mi ń hó. Bàbá wa ní kí èyí tí ara rẹ̀ ò dá lọ sí iléèwé, kí èyí tí ara rẹ̀ dá gbé ọkọ́. Bí mo ṣe di ẹni tó gbọ́ Faransé nìyẹn, tí Crépin di àgbẹ̀ ní Towé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ akẹ́rù ń wá awakọ̀, wọn ò lè gba ẹni tí àyà rẹ̀ ń hó. Crépin wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó mú káàdì mi lọ́wọ́, ó lọ. Ọdún méjì ni mo fi jù ú, ṣùgbọ́n etí kan náà, èjí kan náà, ìrìn kan náà ni bàbá wa fún àwa méjèèjì.

Láti ìgbà náà, gbogbo oṣù Desẹ́ńbà ló ń lọ. Ó máa ń múra sí i bí ẹni tó ń lọ síbi ìyàwó. Wọ́n máa ń fún wọn ní búrẹ́dì àti sadíìnì lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ̀jẹ̀ tán, ó sì máa ń rò ó fún mi tìdùnnú-tìdùnnú, àti bí òróró ṣe ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Bàtà onírin tí ilé iṣẹ́ ń fún wa lọ́dọọdún ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ àgbẹ̀ mìíràn tó ń fi irú bàtà bẹ́ẹ̀ kọ ebè.

Àìkú, 30

61. Òjò ṣú, kò rọ̀. Crépin wá láti Towé lórí ọ̀kadà zémidjan, ó gbé gàrí àti iṣu mẹ́ta wá, bàtà náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti fi òróró nù ún. Ó ti gbọ́ pé lópítáà fẹ́ kí ẹbí mú ẹni mẹ́rin wá tí yóò fún mi lẹ́jẹ̀.

Ó ní, "Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fún wọn lẹ́jẹ̀ lórúkọ yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n fún wọn lẹ́ẹ̀kan lórúkọ tèmi."

Prudence rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbà á lẹ́nu mi. Crépin dìde, ó gbá mi lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó sì le koko. Mo jowú ọwọ́ náà. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí: mo jowú àbúrò mi láti ìgbà tí orúnkún mi ti wú, ìwé tí mo kà ò fi ìgbà kan mú un kúrò.

Ọjọ́rú, 2 oṣù kẹrin

Wọn ò gba ẹ̀jẹ̀ Crépin.

Ó lọ sí Sakété láàárọ̀ pẹ̀lú Jérôme. Wọ́n gba ti Jérôme. Ti Crépin, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lápá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Mọ́kànlélógún lórí méjìlá, nígbà tí méjìlá lórí mẹ́jọ ló yẹ kó jẹ́. Ọmọbìnrin tó ń wọ̀n ọ́n bi í pé ta ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú ẹ̀rín bí ẹni tí wọ́n lé kúrò níbi àsè.

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ga, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ilé iṣẹ́ yín náà ni."

Mo ní, "Kí ni wọ́n ń sọ ní ilé iṣẹ́ wa?"

"Pé ẹ̀jẹ̀ yín ga. Ṣé mi è sọ fún yín ni? Ọdún mẹ́ta rèé. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ yín ga, kí ẹ lọ rí dókítà. Ẹ rẹ́rìn-ín."

Lóòótọ́ ló sọ ọ́. Mo rántí ibi tó jókòó sí. Mo rò pé eré ló ń ṣe.

"Crépin, apá ta ni wọ́n wọ̀n?"

"Apá tèmi."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni, nígbà náà?"

Ó wò mí bí ẹni tó rò pé àìsàn ti dé orí mi. "Tiyín ni. Orúkọ yín ló wà lórí ìwé. Bó bá ti pe Lambert tí mo dáhùn, mo ti di ẹ̀yin nìyẹn. Ohun tó bá sọ, tiyín ni. Mo sì jíṣẹ́ fún yín."

 Mo rí i tí ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, tó ń yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Àbí tèmi ni?"

Òun ò mọ̀wé. Èmi tí mo mọ̀wé ńkọ́?

Ẹtì, 4

62. Mo ṣí agolo bisikíìtì tí mo ń kó ìwé iṣẹ́ sí. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀. Ọdún kìíní, mẹ́tàlá lórí mẹ́jọ. Èkejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀kẹta, mẹ́rìnlá. Ẹ̀kẹrin, mẹ́rìndínlógún lórí mẹ́wàá, wọ́n sì kọ ọ́ pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ẹ̀karùn-ún, méjìdínlógún lórí mọ́kànlá, kó lọ rí dókítà. Ti Desẹ́ńbà tó kọjá, ogún lórí méjìlá, yíǹkì pupa, wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀: kó lọ kíákíá.

Lẹ́yìn ìwé yẹn gan-an ni mo kọ iye ẹrù òkúta tí mo gbé lọ́sẹ̀ náà sí. Mo gbé ìwé náà lé itan, mo mú bírò, mo kọ nǹkan síbẹ̀, mi ò sì yí i padà wo iwájú. Mo mọ̀ pé ara tèmi kọ́ ló wà níbẹ̀. Ìdí tí mi ò fi kà á nìyẹn. Mi ò ní ìdí mìíràn.

Ajé, 7

62. Mo ti ronú. Bí mo ṣe rò ó nìyí, kí n kọ ọ́ kí ojú lè tì mí bó bá yá.

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ ní ilé iṣẹ́ wa, Fàrídà lorúkọ rẹ̀, ilé ìwòsàn Sakété ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ yòókù. Ó mọ ojú Crépin, orí ló yọ wá pé kò bá a pàdé lọ́jọ́ kejì oṣù yìí. Lambert ló ń pè é. Bí Crépin bá wọ ibẹ̀ pẹ̀lú káàdì tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tú nìyẹn, asúráǹsì á yọ ọwọ́, ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún á kọjá lórí mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kò pọ̀.

Mo ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un ní ilé oògùn, èyí tí ẹni tó ń tà á ní ó dára. Mo ní kó máa lo ọ̀kan láràárọ̀, kó má dé lópítáà kankan títí wọ́n á fi ṣe tèmi tán. Lẹ́yìn náà èmi fúnra mi á mú un lọ sí Cotonou.

Ó ní, "Tiyín ni àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n."

Kò ronú rárá kó tó sọ ọ́. Ìyẹn ló ń bí mi nínú. Ì bá ti bá mi jà.

Àbámẹ́ta, 12

63. Ẹsẹ̀ mi wú. Òjò ńlá rọ̀ lánàá, gbogbo Towé ti gbin àgbàdo. Crépin ní oògùn náà ń jẹ́ kí òòyì kọ́ òun lóko, nítorí náà ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ òun kì í lò ó. Mo ní kó lò ó. Orí fóònù ni mo ti sọ ọ́.

Àìkú, 20. Ọdún Àjíǹde

Èmi, Prudence àti Fabiola ọmọ wa lọ jẹun ní Towé. Crépin fi gèlè Arlette ìyàwó rẹ̀ di orí nítorí ẹ̀fọ́rí. Arlette ní oòrùn ni, èmi náà sì ní oòrùn ni.

Ìṣẹ́gun, 22

Crépin ṣubú lóko ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀.

Mo bá wọn ní Sakété. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí apá kan, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà níbẹ̀ bí ẹrù tí ẹlòmíràn gbé sílẹ̀. Ẹrẹ̀ wà lára bàtà náà. Arlette jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò tíì bọ́ aṣọ oko. Kò sunkún. Ó ń mú ẹsẹ̀ tó ti kú náà dání bí ẹni pé yóò sá lọ.

Fàrídà wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Ó rí i lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dúró. Ó ní, "Lambert. Mo sọ fún ẹ. Ní Desẹ́ńbà mo sọ fún ẹ, mo fi yíǹkì pupa kọ ọ́."

Arlette ní, "Crépin lorúkọ ọkọ mi."

Fàrídà gbójú sókè. Ó wo èmi tí mo fara ti ògiri, ó wo Crépin, ó tún wò mí. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀.  Ó kọ Crépin sórí ìwé tuntun ní lẹ́tà ńláńlá, ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì sáré lọ pe dókítà.

Arlette kò sáré. Ó ní, "Kí ló sọ fún un ní Desẹ́ńbà, Bàbá Fabiola?"

Mo ní ká jẹ́ kí dókítà ṣiṣẹ́ ná.

Ọjọ́bọ̀, 24

64. Mi ò lo oògùn omi fún ọjọ́ méjì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Arlette lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé ìwòsàn, àti ìwé, àti agolo, àti oògùn tí mo rà, àti pé mo ní kó má wá síbí. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, kò já mi lẹ́nu.

Ó ní, "Láti ọjọ́ wo ni ẹ ti kà á?"

Mo ní, "Ọjọ́ kẹrin oṣù yìí."

Ó fi ìka ka ọjọ́ títí dé ọjọ́ tí Crépin ṣubú. Méjìdínlógún. Ó ní kí n kó àwọn ìwé náà wá fún òun. Mo kó wọn wá ní ìrọ̀lẹ́. Kò lè kà wọ́n, ṣùgbọ́n ó rí yíǹkì pupa, ó fi àtàǹpàkò rá a bí ẹni tó fẹ́ nù ún. Ó kó wọn sínú ìró rẹ̀, ó wọlé.

Ọjọ́rú, 30

62. Dókítà ní Crépin kò ní kú. Ó ní apá ọ̀tún lè padà díẹ̀, lè má padà. Oko ti tán fún un, ìyẹn dá òun lójú.

Fàrídà wọlé nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ó gbé búrẹ́dì oní-sadíìnì wá, ó sì rún un wẹ́wẹ́. Ó ní, "Ó máa ń bẹ̀ mí fún èkejì lọ́dọọdún. Mo rò pé awakọ̀ tí ebi ń pa ni." Crépin jẹ ẹ́ ní apá ẹnu tó ṣì ń ṣiṣẹ́, òróró ń ṣàn ní apá kejì, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó rí mi, ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín sí mi. Mo jáde.

Mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ní ọ̀sán. Faransé rẹ̀ dára, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Mo jẹ́wọ́ ẹni tó ń lọ fún àyẹ̀wò, mo ní kí asúráǹsì gba owó wọn padà, pé n kò lọ fún iṣẹ́ abẹ mọ́. Prudence gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó jù ú sí mi láyà. Ó mọ̀ tipẹ́ pé Crépin ló ń lọ, yíǹkì pupa ni kò mọ̀. Ó ní, "O fẹ́ fi Fabiola ṣe ọmọ òrukàn kí ara lè tù ẹ́." Mo ní ìyà mi ni. Ó ní ìyà tí èèyàn bá yàn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìyà. 

Ajé, 5 oṣù karùn-ún

61. Mo gbé lẹ́tà náà lọ sí Towé kí n tó fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ kí Arlette mọ̀ ṣáájú kí n tó ṣe é. Ká sọ òótọ́, mo fẹ́ kó yìn mí.

Ó ń ro àgbàdo. Wọ́n ti gbé Crépin wálé láti Àbámẹ́ta, ó jókòó sábẹ́ òrùlé pẹ̀lú ìrọ̀rí méjì lẹ́yìn, ó kọjú sí oko. Àgbàdo ti dé orúnkún, koríko náà ti dé orúnkún. Arlette fi ọkọ́ ti ilẹ̀, ó ní, "Ẹ ka ìwé yẹn fún mi, Bàbá Fabiola."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohùn mi gbọ̀n níbi tó yẹ kó ti gbọ̀n.

Ó ní, "Ó dùn létí. Ta ni yóò jẹ ẹ́?"

Mo na lẹ́tà náà sí i.

Ó ní, "Ọmọ mẹ́ta ni mo ní. Láyọ̀ tó kéré jù ò tíì pé ọdún mẹ́fà. Bí ẹ bá fún wọn ní ìwé yìí, ẹ ó kú, ọkọ mi è sì ní torí ẹ̀ dìde. Ara á tù yín. Mi è fẹ́ kí ara tù yín. Mo ti lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn, mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mi è ṣe nǹkan kan. Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Nítorí náà ẹ ó lọ. Wọ́n ó ṣí yín láyà, wọ́n ó tún un ṣe, ẹ ó sì padà wá síbí gbé ọkọ́ Crépin. Títí Láyọ̀ á fi tó ẹni tó lè dá jẹun."

"Mi ò mọ oko ro, Ìyá Láyọ̀."

"Ẹ kàwé. Ẹ ó mọ̀ ọ́n."

Ó gba lẹ́tà náà, ó ká a pọ̀ mọ́ ìwé mẹ́fà yẹn nínú ìró rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Mo wo Crépin láti ibi tí mo wà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sí tàbí-ṣùgbọ́n. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó ń kí mi ni àbí ó ń lé eṣinṣin.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé mi ò lè roko nítorí àìsàn. Ní báyìí wọ́n fẹ́ mú àìsàn náà kúrò.

Ọjọ́bọ̀, 8. Cotonou

60. Oníṣẹ́ abẹ náà, obìnrin arúgbó kan tí irun rẹ̀ funfun, gbé ilẹ̀kùn ọkàn méjì sórí tábìlì. Ọ̀kan jẹ́ dúdú, ó ń dún kẹ́ kẹ́ bí mo bá fi ìka tì í. Èkejì rí bí awọ tí wọ́n rán, ó ní ara ọkàn màlúù ni wọ́n ti mú un.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ ní sùúrù. Ti dúdú kì í gbó, yóò bá mi dé ọjọ́ ikú. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni màá máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọn á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lóṣooṣù, n kò sì gbọ́dọ̀ fi ara pa, torí ẹ̀jẹ̀ náà kò ní fẹ́ dá. Ti màlúù kò nílò oògùn yẹn lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n á gbó. Fún ẹni ọjọ́ orí mi, ọdún mẹ́wàá, bóyá méjìlá, bóyá kó má tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣí mi láyà, bí mo bá rí ẹni ṣe é.

Ó ní fún awakọ̀ ọmọ ọdún méjìdínlógójì, ti dúdú ni òun máa yàn. Òun náà ni mo ti yàn láti oṣù kẹta, tí dókítà ọkàn ti fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. Mo ti ń fojú inú rí ara mi lórí àga tuntun tí Jérôme ní kí wọ́n fi síbẹ̀, tí ohun dúdú náà ń dún kẹ́ kẹ́ ní àyà mi.

Mo bi í pé ẹni tó ń lo àdá àti ọkọ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ńkọ́. Ó wo ìwé mi. Ó ní, "Awakọ̀ ni wọ́n kọ síbí."

Mo ṣírò Láyọ̀. Bó bá jẹ́ ọdún mẹ́wàá, á jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá jẹ́ méjìlá, á jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ó ti tó.

Mo ní, "Ti màlúù."

Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Mo fọwọ́ sí i. Ìbúwọ́lù mi ni, orúkọ mi ni, àyà mi náà sì ni lọ́tẹ̀ yìí.

Ajé, 12

59. Ọ̀la ni. Wọ́n ti fá irun àyà mi, wọ́n sì ti fa ìlà kan láti ọ̀fun dé ìsàlẹ̀ igẹ̀ láti fi ibi tí wọ́n máa gbà hàn mí. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ yè, ojú sì ń tì mí pé mo fẹ́ yè.

Prudence dé láti Pobè ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú báàgì kan tí Arlette fi rán an. Kò sí ìkíni nínú rẹ̀. Bàtà onírin ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n bọ́ lẹ́sẹ̀ Crépin ní Sakété. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti sá a, ó sì ti fi òróró nù ún bí Crépin ṣe máa ń ṣe.

Prudence ní kí n gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo wọ̀ ọ́ wò. Kò fún mi, kò sì tóbi. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ mi ni, lórúkọ mi ni ilé iṣẹ́ fi rà á.